Ta Ló Ni Kíláàbù? Ẹ̀dùn Ọkàn Àwọn Súpọ́tà Jẹ́dà àti Mẹ́kà

Ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó, ìsọmọlórúkọ àti owó ilé-ìwé ọmọ la sábà máa ń kọ sí ojú ìwé yìí. Lọ́tẹ̀ yìí, bọ́ọ̀lù la fẹ́ sọ. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ilé tí bàbá ti ń ṣe Ittihad, tí ìyá ń ṣe Ahli, tí ọmọ tí wọ́n bí sí Mẹ́kà sì ń ṣe Wehda, ilé náà kì í tètè sùn lálẹ́ ọjọ́ tí bọ́ọ̀lù bá wà. Irú ilé bẹ́ẹ̀ sì pọ̀ láàárín wa.

Ohun tó mú wa kọ ọ́ ni pé ẹ̀dùn kan náà là ń gbọ́ lẹ́nu àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìbáà jẹ́ àgbà, ìbáà jẹ́ ọmọdé. Àwọn ló ń ra tíkẹ́ẹ̀tì, àwọn ló ń ra jẹ́sì fún ọmọ, ohùn wọn ló ń há. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fẹ́ lé kóòṣì tàbí kí wọ́n ta ẹni tí gbogbo èèyàn fẹ́ràn, inú ìròyìn ni súpọ́tà ti ń gbọ́ ọ bíi ti àlejò. Ta ló wá ni kíláàbù gan-an?

Ẹ jẹ́ ká mú un láti orí Ittihad. Ọdún 1927 ni wọ́n dá a sílẹ̀ ní Jẹ́dà níbí, òun ló sì dàgbà jù nínú gbogbo kíláàbù ilẹ̀ Sáúdí. Ahli, aláwọ̀ ewé, tẹ̀lé e ní 1937. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, abẹ́ ìjọba ni gbogbo kíláàbù wà, ṣùgbọ́n ààrẹ kíláàbù àtàwọn olówó tó yí i ká ló ń náwó, tí wọ́n sì ń pàṣẹ. Ààrẹ kan á wọlé, á ra agbábọ́ọ̀lù bí ẹni ń ra tòmátì. Nígbà tó bá jáde, gbèsè ló máa fi sílẹ̀. Èyí tó bá tẹ̀lé e, á lé kóòṣì, á tún bẹ̀rẹ̀ sí í ra tirẹ̀. Ní 2017, FIFA yọ póìntì 3 lọ́wọ́ Ittihad nítorí gbèsè. Ní 2018, ìjọba fúnra rẹ̀ ló dá sí i, tó san gbèsè àwọn kíláàbù, owó tó lé ní bílíọ̀nù kan riyal. Ṣé ẹ rò pé wọ́n kọ́gbọ́n? Sáà 2018 sí 2019 tó tẹ̀lé e gan-an, Ittihad lé Ramón Díaz, wọ́n mú Slaven Bilić wá, wọ́n tún lé òun náà. Díẹ̀ báyìí ló kù kí wọ́n já sí dífíṣọ̀n kejì.

Àwọn tó ti pẹ́ ní Jẹ́dà kò tíì gbàgbé ọ̀rọ̀ Mohammed Noor. Mẹ́kà ni wọ́n bí i sí, ó sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn òpó tó gbé Ittihad ró nígbà tí wọ́n gba ife-ẹ̀yẹ Éṣíà léraléra ní 2004 àti 2005. Ti 2004 yẹn, ká má tíì sọ ọ́! Àwọn ará Korea na Ittihad ní Jẹ́dà níbí pẹ̀lú góòlù 3 sí 1, gbogbo èèyàn ti sọ pé ó parí. Ittihad gbéra lọ sí Korea, wọ́n sì fi góòlù 5 sí òdo na onílé. Ẹni tó ṣe irú iṣẹ́ yẹn, ní 2013 wọ́n jẹ́ kó lọ. Ó kọjá sí Nassr ní Riyadh, ó sì bá wọn gba líìgì ní 2014. A mọ̀ pé agbábọ́ọ̀lù ń dàgbà, kò sẹ́ni tó máa gbá a títí láé. Ohun tó ń dun súpọ́tà ni pé kò sẹ́ni tó jókòó bá wọn sọ ìdí rẹ̀.

Nígbà tó di ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà ọdún 2023, ọ̀rọ̀ yí padà pátápátá. Ìjọba kéde pé àpò ìdókòwò orílẹ̀-èdè, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní PIF, ti gba ìpín 75 nínú ọgọ́rùn-ún kíláàbù mẹ́rin: Ittihad àti Ahli ti Jẹ́dà, Hilal àti Nassr ti Riyadh. Ìpín 25 tó kù wà lọ́wọ́ àjọ tí kì í ṣe ti èrè, kíláàbù kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀. Nínú ìgbìmọ̀ èèyàn méje tó ń darí kíláàbù, PIF ló ń yan márùn-ún nígbà náà. Ẹ wá bá wa ṣírò rẹ̀. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún tí ará Jẹ́dà ti ń bá ará Riyadh jà lórí Ittihad àti Hilal, tí ọ̀rẹ́ ń tìtorí rẹ̀ bínú sí ọ̀rẹ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo, baálé kan náà ló ni yàrá méjèèjì. Bí Hilal bá ra ẹni tí Ittihad ń fẹ́, ta ni kí súpọ́tà Ittihad bínú sí?

A kò ní purọ́, inú gbogbo èèyàn kọ́kọ́ dùn. Ittihad ṣẹ̀ṣẹ̀ gba líìgì ní oṣù Karùn-ún 2023 lábẹ́ Nuno Espírito Santo ni. Karim Benzema dé, N'Golo Kanté dé, Fabinho náà dé. Àwọn ọmọ wa ń sáré kiri àdúgbò nínú jẹ́sì oníyẹ́lò àti dúdú. Àfi bí ìgbà tí wọ́n tú àpò owó sílẹ̀ tí wọ́n gbàgbé láti ka òfin. Wọ́n ra ọ̀dọ́mọkùnrin Potogí kan tí ń jẹ́ Jota láti Celtic, owó tó tó mílíọ̀nù 25 pọ́n-ùn. Kó tó pé oṣù mẹ́ta, wọ́n ti yọ orúkọ rẹ̀ kúrò lára àwọn tó lè gbá líìgì, nítorí pé àjòjì 8 ni òfin líìgì gbà nígbà náà, ọwọ́ wọn sì ti kún. Ẹ jọ̀ọ́, èwo nínú àwa tó ń ta ọjà ló máa sanwó ẹrù tí kò ráyè kó sí? Nígbà tó di oṣù Kẹjọ 2024, ọmọ náà ti wà ní Rennes ní ilẹ̀ Faransé.

Ní ọjọ́ 7 oṣù Kọkànlá 2023, wọ́n lé Nuno, ẹni tó gba líìgì fún wọn ní oṣù mẹ́fà ṣáájú. Wọ́n mú Marcelo Gallardo wá láti Argentina. Kò tíì gbádùn àga tó jókòó lé tí ife-ẹ̀yẹ àgbáyé ti àwọn kíláàbù fi dé Jẹ́dà níbí. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kejìlá, lójú onílé, Al Ahly ti ìlú Cairo na Ittihad ní 3 sí 1, Benzema sì gbá pẹ́nárítì nù. Lẹ́yìn ìyẹn, Hilal wá di ẹrù-jẹ̀jẹ̀. Wọ́n na Ittihad nílé lóko, títí dé ìparí ife Super Cup ní Abu Dhabi ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹrin 2024, níbi tó ti jẹ́ 4 sí 1. Ibẹ̀ ni ohun ìtìjú ṣẹlẹ̀: Abderrazak Hamdallah da omi sí súpọ́tà kan lára, súpọ́tà náà sì fi pàṣán nà án, gbogbo ayé rí i. A kò gbè é lẹ́yìn rárá. Kò sí bí inú ṣe lè bí èèyàn tó tó fi máa na ọmọ ẹlòmíì. Ṣùgbọ́n ẹ ro ó wò: agbábọ́ọ̀lù nìkan ni ọwọ́ súpọ́tà lè bà. Àwọn tó kọ lẹ́tà lílé Nuno, tó fọwọ́ sí ìwé Jota, kò sẹ́ni tó rí wọn létí pápá. Ipò karùn-ún ni Ittihad parí sí lọ́dún yẹn, Gallardo sì bá tirẹ̀ lọ ní oṣù Keje.

Àwọn Ahli náà ti jẹ nínú iyán yìí ṣáájú. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹfà 2022, lẹ́yìn òdo sí òdo pẹ̀lú Shabab, wọ́n já sí dífíṣọ̀n kejì. Irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí láti ìgbà tí wọ́n ti dá kíláàbù náà sílẹ̀. Ẹ rántí pé eré Ahli àti Batin ni, ní ọjọ́ 12 oṣù Kìíní 2018, tí wọ́n kọ́kọ́ gba àwọn obìnrin láàyè láti wọ pápá wòran bọ́ọ̀lù líìgì nílẹ̀ yìí, ní Jẹ́dà níbí. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìyá wa fi di ọmọ Ahli. Ọdún mẹ́rin péré lẹ́yìn náà, ẹkún ni wọ́n ń sun.

Ẹ̀yin àgbà yóò sọ pé ẹ ti rí irú èyí nílé. Òótọ́ ni. Ta ló gbàgbé Stationery Stores ti Èkó? Olóyè Israel Adébájọ̀ ló dá a sílẹ̀, ó sì kú ní 1969. Àwọn súpọ́tà ló gbé orúkọ rẹ̀ kiri pẹ̀lú orin ní gbogbo ìgboro Èkó. Wọ́n gba líìgì ní 1992, lẹ́yìn náà ni ẹjọ́ àti àríyànjiyàn dé, tí kíláàbù fi pòórá mọ́ èèyàn lójú. Leventis United ti Ìbàdàn ńkọ́? Wọ́n gba líìgì ní 1986, iléeṣẹ́ tó ni wọ́n sì tú wọn ká láìpẹ́ sígbà náà. Abiola Babes náà kò pẹ́ láyé. Ní ti Shooting Stars tiwa, ìjọba ló ni ín, gómìnà tó bá wọlé ló ń yan ẹni tó máa darí rẹ̀. Kíláàbù tó gba ife Áfíríkà ní 1976 já kúrò nínú líìgì àgbà ní 2017, ọdún 2021 ló tó padà. Nígbà tí Remo Stars ti Ìkẹ́nnẹ́, tí Kúnlé Ṣónáme ni, wá gba líìgì Nàìjíríà ní 2025, àwọn kan láàárín wa ní ẹ rí i, aládàáni ló dáa jù. Àwa kò tíì gbà. Leventis náà, ṣebí aládàáni ni? Ẹni tó bá lè fi ìfẹ́ inú rẹ̀ dá a sílẹ̀ lè fi ìbínú tú u ká, súpọ́tà kò sì ní níbi tó máa lọ ké sí.

Ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sí Mẹ́kà, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ yìí ti dùn wá jù. Wehda ni kíláàbù ìlú náà. Ó sún mọ́ wa ju bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe rò lọ. Àwọn ìdílé tí bàbá ńlá wọn ti apá Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wá ṣe Hajj tí wọn kò padà mọ́ pọ̀ ní Mẹ́kà, orúkọ wọn sì ń sọ ibi tí wọ́n ti wá: Hawsawi, Fallata, Barnawi. Osama Hawsawi, tó gbá bọ́ọ̀lù fún Sáúdí ní ife àgbáyé 2018, ọmọ Mẹ́kà ni, Wehda ló sì ti yọ. Hilal mú un lọ ní 2008. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn: Wehda á tọ́ ọmọ, olówó á wá fẹ́ ẹ lọ. Ní 2011, wọ́n dé ìparí ife Ọmọ Ọba Aládé, Hilal sì na wọ́n ní 5 sí òdo. Lọ́dún yẹn kan náà, wọ́n yọ póìntì lọ́wọ́ wọn, wọ́n já.

Ní 2023, Odion Ighalo wọ Wehda. Inú wa dùn débi tí a kò lè sọ. Ọmọ tó dàgbà ní Ajégúnlẹ̀, tó gbá bọ́ọ̀lù fún Julius Berger l'Ékòó (kíláàbù mìíràn tí orúkọ rẹ̀ ti pa rẹ́ nìyẹn), òun ló wá ń wọ jẹ́sì pupa àti funfun ti Mẹ́kà. Ó jẹ góòlù, ó sa ipá rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí PIF ń pín ọrọ̀ fún kíláàbù mẹ́rin, Wehda kò sí níbẹ̀.

Ẹ wo oṣù Karùn-ún 2025. Ní ọjọ́ 3, Ahli na Kawasaki ti Japan ní 2 sí òdo ní Jẹ́dà, wọ́n gba ife Éṣíà fún ìgbà àkọ́kọ́. Ní ọjọ́ 15, Ittihad gba líìgì lábẹ́ Laurent Blanc. Ní ọjọ́ 30, wọ́n tún gba ife Ọba. Fèrè ọkọ̀ kò jẹ́ ká sùn ní Jẹ́dà. Ní oṣù yẹn kan náà, Wehda já sí dífíṣọ̀n kejì. Bíi kìlómítà 80 ló wà láàárín ìlú méjèèjì, ẹ máa ń fi ọkọ̀ ojú irin lọ bọ̀ lọ́jọ́ kan. Èèyàn lè kúrò níbi ijó, kó sì dé ibi ọ̀fọ̀ kí oúnjẹ ọ̀sán tó tutù.

Ẹ̀yin ọmọ Ittihad, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín wọn. Blanc tó gba ife méjì fún yín yẹn, kò pé oṣù mẹ́rin lẹ́yìn ife Ọba tí wọ́n fi lé e, ní oṣù Kẹsàn-án 2025. Wọ́n mú Sérgio Conceição wá. Ẹ̀yin kọ́ ni wọ́n bi.

Ní 2025 náà ni kíláàbù Kholood bọ́ sọ́wọ́ iléeṣẹ́ Amẹ́ríkà kan, àjòjì àkọ́kọ́ tó máa ni kíláàbù nílẹ̀ yìí. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ ẹni tó ni kíláàbù kò tíì tán nílẹ̀. Àwọn ará Mẹ́kà kan ń fẹ́ kí olówó ra Wehda kíákíá, ibi yòówù kó ti wá. Àwọn mìíràn ní kàkà kí wọ́n ta á fún ẹni tí kò mọ̀ wọ́n, kí ó kúkú wà ní dífíṣọ̀n kejì. Tiwa ni pé kí wọ́n fi àga kan sílẹ̀ fún súpọ́tà nínú ìgbìmọ̀ tó ń pàṣẹ, bó ti wù kí àga náà kéré tó. Ẹ̀yin tó wà ní Mẹ́kà, pàápàá ẹ̀yin ìyá tí ọmọ yín kò jẹun lálẹ́ ọjọ́ tí Wehda já, ẹ kọ èrò yín ránṣẹ́ sí wa. A ó tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé tó ń bọ̀.