Kí Ló Ń Tú Ojú Wúrà Ká Nínú Omi?

Tẹ́ ẹ bá wo òrùka wúrà, ó ń dán, ó sì jọ̀lọ̀, bíi pé nǹkan kan ò lè yẹ̀ ẹ́ nípò. Àmọ́ táwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì bá ti wúrà bọ inú omi oníyọ̀, tí wọ́n sì fi iná mànàmáná sí i, ojú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà.

Átọ̀mù ló kóra jọ di wúrà. Àwọn tó wà nínú ní aládùúgbò yíká, ṣùgbọ́n àwọn tó wà lójú òkè ò ní ẹnikẹ́ni lórí. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń fún ara wọn. Ẹ rántí inú dáńfó: ìjókòó ẹni mẹ́ta, kọndọ́tọ̀ á ní "ẹ sún mọ́ra", ẹni mẹ́rin á wọlé. Lójú wúrà tí wọ́n ń pè ní Au(111), àyè átọ̀mù 22 ni átọ̀mù 23 há ara wọn sí.

Nǹkan méjì ló ń tú wọn ká. Àkọ́kọ́ ni agbára iná: tó bá wà níhà nẹ́gétíìfù, wọ́n á há síbẹ̀, tó bá lọ síhà pọ́sítíìfù, wọ́n á tú. Ìkejì ni ohun tó bá lẹ̀ mọ́ ọn. Kílóráìdì, tó wà nínú iyọ̀ ọbẹ̀, máa ń jẹ́ kí wọ́n tètè tú. Àwọn tí ò ráyè mọ́ á gun orí àwọn yòókù, wọ́n á di òkìtì kékeré tí gíga rẹ̀ ò ju átọ̀mù kan lọ.

Báwo ni wọ́n ṣe rí i? Gerd Binnig àti Heinrich Rohrer ló ṣe ẹ̀rọ alábẹ́rẹ́ mímú kan ní Zurich lọ́dún 1981, tó ń yẹ ojú irin wò láìfara kàn án. Wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1986. Nígbà tó yá, àwọn onímọ̀ lo irú ẹ̀rọ yìí nínú omi.

Kí ló wá kàn wá níbẹ̀? Àwọn ọkọ̀ kan wà tó ń fi háídírójìn ṣe iná, irin olówó gọbọi tó ń jẹ́ platinum ló sì ń bá wọn ṣe é. Tí iná bá gòkè, ọ́síjìn á lẹ̀ mọ́ platinum, á tún wọ abẹ́ rẹ̀. Tí iná bá wálẹ̀, ọ́síjìn á lọ, ṣùgbọ́n átọ̀mù ò ní padà sípò tán, díẹ̀ á sì ti yọ́ dànù. Gòkègbodò iná yìí ló ń mú kí ẹ̀rọ náà gbó díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kó pẹ́, ojú irin ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mójú tó.