Nọ́ńbà Méjì Tí Kì Í Jẹ́ Kí Iná Jó Kọ̀ǹpútà Kékeré

Ẹni tó ń lo fíríìjì tàbí tẹlifíṣọ̀n ní Èjìgbò, ní Ọlá àti ní àwọn ìlú tó yí wọn ká, kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣàlàyé iṣẹ́ sìtẹ́bíláísà fún un. Iná tó yẹ kó máa wọlé jẹ́ nǹkan bíi 230 fóòtì, ṣùgbọ́n háàfù kọ́rẹ́ǹtì lè dé láàárọ̀, kí iná sì le ju bó ṣe yẹ lọ lálẹ́, kó ba ẹrù onílé jẹ́. Sìtẹ́bíláísà ló ń dúró láàárín àwọn méjèèjì. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀ ni pé irú onílàjà bẹ́ẹ̀ wà nínú fóònù àti kọ̀ǹpútà kékeré pẹ̀lú, wọn kì í sì í ṣe ẹyọ kan. Rẹ́gúlétọ̀ ni wọ́n ń pè é.

Ẹ wo Ọpọ́n Ìmọ̀, kọ̀ǹpútà pẹlẹbẹ tí ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun gbé jáde lọ́dún 2013, nígbà tí Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá jẹ́ gómìnà, fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ girama àgbà. Ìwé ẹ̀kọ́ àti ìbéèrè ìdánwò àtẹ̀yìnwá ló kún inú rẹ̀. Android ló ń lò, orí kernel Linux sì ni Android dúró lé. Kernel yìí ni ọ̀gá tó ń pàṣẹ fún gbogbo ẹ̀yà ara kọ̀ǹpútà.

Bátìrì lithium tí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ń lò máa ń tó 4.2 fóòtì bó bá kún. Bó bá ń tán lọ, a sún mọ́ 3. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọpọlọ kọ̀ǹpútà lè má fẹ́ ju nǹkan bíi fóòtì kan lọ, nígbà tí káàdì ìpamọ́ ń fẹ́ 3.3. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Rẹ́gúlétọ̀ ló ń bu ti kálukú fún un.

Ta ló wá ń sọ iye tí wọn yóò bù? Lọ́dún 2008, ètò kan tí Liam Girdwood àti Mark Brown ṣiṣẹ́ lé lórí wọ inú kernel Linux, ní ẹ̀dà 2.6.27. Ètò náà fún ẹ̀yà tó nílò iná láǹfààní láti béèrè, ṣùgbọ́n ẹni tó mọ pátákó kọ̀ǹpútà náà ni yóò kọ ààlà sílẹ̀: iye tó kéré jù àti iye tó pọ̀ jù. Lóde òní, inú fáìlì tí wọ́n ń pè ní device tree ni wọ́n sábà máa ń kọ ọ́ sí. Mílíọ̀nù kan ni wọ́n ń kọ fún fóòtì kan, nítorí náà 1800000 ni 1.8 fóòtì. Bí wọn kò bá kọ ààlà kankan, kernel kò ní gbà kí ẹnikẹ́ni yí iná náà padà. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá ṣèèṣì kọ 3300000 fún ẹ̀yà tí kò lè gbà ju 1800000 lọ, kernel yóò gbà á gbọ́, ẹ̀yà náà sì lè jóná.

Ewu kejì tún wà. Bí ẹ̀yà mẹ́ta bá ń pín rẹ́gúlétọ̀ kan lò, kernel kò ní pa á títí ẹni ìkẹyìn yóò fi sọ pé òun ti ṣe tán, bí àwọn ayálégbé tó ń lo àtùpà kan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí kọ̀ǹpútà bá ti tàn, kernel a máa pa rẹ́gúlétọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò béèrè. Ibi ìrántí kọ̀ǹpútà kì í sábà béèrè. Bí ẹni tó kọ fáìlì bá gbàgbé láti fi regulator-always-on sí i, ẹ̀rọ yóò tàn dáadáa, yóò sì kú lójijì. Bátìrì tí kò ṣe nǹkan kan ni wọn yóò máa bú.

Kí ló dé tí wọn kò kúkú fi iná sílẹ̀ lókè? Ìdí ni pé bí ìwọ̀n iná ọpọlọ kọ̀ǹpútà bá wálẹ̀ láti 1.2 sí fóòtì kan péré, agbára tó ń jẹ a máa dín ní nǹkan bí ìdá ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún, kódà bí eré rẹ̀ kò bá yí padà. Nígbà tí ọmọ bá ń kàwé jẹ́jẹ́, kernel yóò dín eré kù ná, kó tó dín iná kù. Bí iṣẹ́ bá le, iná ni yóò kọ́kọ́ gbé sókè, kí eré tó tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá yí i po, ẹ̀rọ rẹ̀ yóò dákú. Fún ọmọ tó ń kàwé lálẹ́ níbi tí iná kò ti dájú, ìṣirò yìí ló ń sọ bóyá yóò parí orí ìwé tó ń kà, tàbí ẹ̀rọ yóò kú mọ́ ọn lọ́wọ́.

Kernel Linux kì í ṣe àwo. Ẹni tó bá fẹ́ lè kà á, kó sì tún un ṣe. Ọ̀dọ́ tó bá fẹ́ ṣe pátákó tirẹ̀ ní Èjìgbò kò ní láti tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Kó ka ìwé tí àwọn tó ṣe ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan kọ nípa rẹ̀, kó fi mítà wọn iná rẹ̀, kó sì ka òdo ẹ̀yìn nọ́ńbà lẹ́ẹ̀mejì kó tó tan ẹ̀rọ.