Ọ̀sà Ganvié àti ààfin Agbómẹ̀: bí a ṣe lè rí méjèèjì lọ́jọ́ kan

Èmi ni, Ìyá Aláṣọ ti Sapele Road. Wọ́n ní kí n fi ohùn ṣàlàyé ìrìn àjò tí mo lọ, torí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti di àríyànjiyàn nínú gúrúùpù láti ọjọ́ Àìkú. Tí ẹ bá ń gbọ́ ariwo lẹ́yìn mi, ẹ má bínú, ọkọ̀ ló ń kọjá.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ orúkọ. Nígbà tí mo pe àbúrò mi ní Abẹ́òkúta pé mò ń lọ sí Benin, ó ní, "Àǹtí, ṣé kì í ṣe Benin lẹ wà ni?" Mo rẹ́rìn-ín títí. Benin méjì ló wà. Eléyìí tí à ń tajà nínú ẹ̀ ni ìlú Ọba Ẹ̀dó. Ìkejì ni orílẹ̀-èdè tó wà lẹ́yìn ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀, tí àwọn òbí wa mọ̀ sí Dàhọ̀mì. Ọdún 1975 ni ìjọba Kérékou yí orúkọ rẹ̀ padà, torí Dàhọ̀mì jẹ́ orúkọ ìjọba àwọn Fọn nìkan, ẹ̀yà mìíràn sì pọ̀ níbẹ̀, títí kan àwa Yorùbá. Wọ́n mú Benin láti ara orúkọ tí òyìnbó fún etíkun náà, Bight of Benin. Orúkọ etíkun yẹn, ọ̀dọ̀ àwọn onílé wa níbí ló ti wá. A jẹ́ pé wọ́n yá orúkọ ni.

Ìdí ọjà ló gbé mi dé Kútọnu. Mo ra aṣọ ní Tòkpá, ọjà ńlá tó wà létí omi yẹn, ẹni tó ń bá mi di ẹrù ní ó di ọ̀túnla kó tó parí. Mo wá ní ọjọ́ kan gbáko lọ́wọ́. Láti ọdún tí mo ti ń ná ọjà yìí, mi ò tíì mọ nǹkan kan ní ìlú yẹn ju ìdí ẹrù lọ. Mo ní lọ́tẹ̀ yìí, màá wòlú.

Aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ ni mo jáde. Kútọnu sí Calavi kò jìnnà, àmọ́ sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọ̀nà yẹn dà bíi ti Sapele Road ní ìrọ̀lẹ́ Fúráídè. Èbúté Calavi ni wọ́n ti ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Ganvié. Ẹ ná owó rẹ̀ tán kí ẹ tó gbé ẹsẹ̀ sínú ọkọ̀, kí ẹ sì sọ ọ́ kó yé wọn pé àlọ àti àbọ̀ ni. Tí ẹ bá ti dé àárín omi, ta lẹ fẹ́ bá ná an?

Ganvié kì í ṣe ìlú etí omi o. Orí omi gan-an ló wà. Wọ́n ri òpó igi mọ́ inú ọ̀sà Nokoué, wọ́n kọ́lé lé e. Ilé ìwé wà lórí omi, ṣọ́ọ̀ṣì wà lórí omi, ọmọ kékeré ń fúnra rẹ̀ tu ọkọ̀ lọ. Ọjà wọn ló wù mí jù. Àwọn obìnrin dé fìlà tí etí rẹ̀ fẹ̀ bí atẹ, wọ́n kó ata, tòmátò, búrẹ́dì sínú ọkọ̀, oníbàárà wà nínú ọkọ̀ tirẹ̀, wọ́n á súnmọ́ra, wọ́n á ná an, oníkálukú á tukọ̀ lọ. Mo jókòó, mò ń wò wọ́n bí ẹni tó ń wo fíìmù. Kò sí owó ṣọ́ọ̀bù, kò sí agbèrò.

Ẹ ó tún rí ẹ̀ka igi tí wọ́n rì mọ́ omi ní agbo-agbo. Akaja ni wọ́n ń pè é. Ẹja á sá wọ ibẹ̀ torí ẹ̀ka tó ń jẹrà ń di oúnjẹ fún wọn. Tó bá pẹ́ díẹ̀, wọ́n á fi àwọ̀n yí i ká, wọ́n á yọ igi kúrò, wọ́n á kó ẹja. Oko ni, omi ló kàn bò ó.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má máa ya fọ́tò wọn láìtọrọ àyè. Mo rí i bí obìnrin kan ṣe fi fìlà bojú. Ṣé ẹ̀yin fẹ́ kí àlejò dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù yín, kó ya yín, kó má ra nǹkan kan? Mo ra ẹja yíyan lọ́wọ́ ẹnì kan, ara rẹ̀ sì yọ̀.

Kí ló gbé èèyàn dé orí omi? Ìbẹ̀rù ni. Nígbà òwò ẹrú, ọmọ ogun Dàhọ̀mì ń kó èèyàn, wọ́n ń tà wọ́n fún òyìnbó ní Ouidah. Ìtàn tí àwọn ará Ganvié ń sọ ni pé èèwọ̀ ò jẹ́ kí jagunjagun Fọn lè gbógun wọ orí omi, ni àwọn baba wọn bá sá síbẹ̀. Wọ́n ní ìtumọ̀ orúkọ ìlú náà ni pé àwọn ti rí ìgbàlà.

Ohùn àkọ́kọ́ gé. Ẹ má bínú, oníbàárà ló wọlé.

Ibi tí ọgbọ́n ọjọ́ kan yẹn wà rèé: ẹ má padà sí Kútọnu. Láti Calavi yẹn náà ni kí ẹ ti máa lọ sókè, ọ̀nà Allada, títí dé Bohicon, Agbómẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìlú tí Faransé ń kọ ní Abomey. Láti Kútọnu dé ibẹ̀ tó bíi 140 kìlómítà. Èmi débẹ̀ nígbà tí oòrùn wà láàárín orí. Ibẹ̀ ni ilé ẹni tí àwọn ará Ganvié ń sá fún. Tí ẹ bá rí ọ̀kan láìrí ìkejì, ìtàn náà kò pé.

Ẹ má retí ààfin onípẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ògiri amọ̀ pupa ni, ilẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ lọ súà. Ọba méjìlá ló jẹ níbẹ̀ láti 1625 sí 1900, àwọn tó ń jẹ sì ń kọ́ tiwọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àwọn tó ṣáájú. Púpọ̀ ti wó. Lọ́dún 1892, nígbà tí ọmọ ogun Faransé ń bọ̀, Ọba Béhanzin fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n dáná sun ún. UNESCO kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní 1985. Apá ti Ghezo àti Glele ló di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Àtúnṣe máa ń wà níbẹ̀, ẹ béèrè kí ẹ tó lọ. Àwòrán ẹranko àti ogun tí wọ́n fi amọ̀ mọ sára ògiri wà níbẹ̀. Ìtẹ́ Ghezo tiẹ̀ wà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dúró lórí agbárí èèyàn.

Ọmọ Ẹ̀gbá ni mí. Ghezo yìí ló kógun wá bá Abẹ́òkúta ní 1851, wọ́n lé e padà. Glele ọmọ rẹ̀ tún wá ní 1864, wọ́n tún lé e. Àmọ́ Kétu kò ríbi sá sí. Ní 1886, wọ́n fọ́ ìlú náà, wọ́n kó àwọn èèyàn rẹ̀ wá sí Agbómẹ̀, ìgbà tí Faransé ṣẹ́gun Dàhọ̀mì ni àwọn tó kù tó padà lọ tún un kọ́. Ẹsẹ̀ mi wúwo ní àgbàlá yẹn, mi ò ní purọ́. Mo ṣáà ń wo ilẹ̀.

Mo wá sọ fún ẹni tó ń mú wa kiri pé Yorùbá ni mí. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ẹ̀yin náà gba ìṣákọ́lẹ̀ lọ́wọ́ wa pẹ́. Òótọ́ ló sọ. Ọ̀yọ́ ló ń gba ìṣákọ́lẹ̀ lọ́wọ́ Dàhọ̀mì fún ohun tó lé ní àádọ́rin ọdún kí Ghezo tó kọ̀ ọ́. Àwa tí a wo fíìmù The Woman King, tí à ń bínú pé wọ́n fi Ọ̀yọ́ ṣe ọ̀tá, ẹ rò ó wò.

Ó tún ní ìtumọ̀ Agbómẹ̀ ni inú yàrà, torí yàrà ló yí ìlú náà ká. Sapele Road ló wá sí mi lọ́kàn. A mọ yàrà Benin, tí wọ́n ń pè ní Ìyá, àwọn ọba ayé àtijọ́ ló gbẹ́ ẹ, ilẹ̀ la wá ń dà sí i lónìí. Bí òyìnbó sì ṣe kó idẹ ààfin Benin ní 1897, bẹ́ẹ̀ ni Faransé kó ti Agbómẹ̀. Ní 2021 wọ́n dá 26 nínú rẹ̀ padà.

Ó di ti ẹnubodè. Arákùnrin tó ní ká gba inú igbó kí owó àjọ lè tó, mo gbọ́ ohùn yín, mi ò gbà. Òfin ECOWAS ti 1979 ní kí ọmọ ilẹ̀ wa lè wọlé fún àádọ́rùn-ún ọjọ́ láìgba físà. Kò ní ká má mú ìwé. Páásípọ́ọ̀tù tàbí ìwé ìrìnnà ECOWAS, àti yẹ́lò káàdì. Kí wọ́n tẹ òǹtẹ̀ fún yín nígbà tí ẹ bá ń jáde ní Nàìjíríà, kí wọ́n tún tẹ̀ ẹ́ nígbà tí ẹ bá ń wọ ọ̀dọ̀ wọn. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo lọ, ojú ń kán mi, mi ò dúró gba òǹtẹ̀. Nígbà tí mo ń bọ̀, wọ́n bi mí pé ibo lo gbà wọlé? Ilẹ̀ ṣú mọ́ mi níbẹ̀, òjò pa aṣọ mi, àwọ̀ rẹ̀ sì ṣí. Owó tí mo rò pé mo fi pamọ́, mo san án ní ìlọ́po. Ẹni tó bá sì gba igbó, tí ọkọ̀ dànù lọ́nà Bohicon, kò sí ìwé kankan tó fi hàn pé ó wà níbẹ̀. Ta ni yóò wá a?

Ọjọ́ kan ni ìrìn náà, àmọ́ oorun méjì ní Kútọnu ni. Ẹ má tàn ara yín pé ẹ ó ti Àgbádárìgì lọ kí ẹ sì padà lọ́jọ́ kan náà. Èmi tí mo sùn sí Kútọnu, agogo mẹ́jọ alẹ́ kọjá kí n tó dé yàrá.

Àwọn mẹ́rìndínlógún ló ti fi orúkọ sílẹ̀. Àwọn méjì tí mo mọ̀ pé ọjọ́ ti lọ lórí páásípọ́ọ̀tù wọn, ẹ mọ ara yín, mi ò ní dárúkọ. Ẹ yà sí ṣọ́ọ̀bù lọ́la, kí n sọ ibi tí wọ́n ti ń ṣe é fún yín. Aago mẹ́jọ ni mo máa ń ṣí.