Iṣu Igbó: Oògùn Wo Ló Wà Nínú Rẹ̀?

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ọ̀pọ̀ nínú wa ló ti gbọ́ pé iṣu igbó ń wo àìsàn àwọn obìnrin. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n kò rí bí àwọn tí ń ta ìpara àti àgúnmu rẹ̀ ṣe ń sọ ọ́.

Mẹ́síkò ni ìtàn náà ti wá. Ní 1942, Russell Marker, onímọ̀ kẹ́mísírì ará Amẹ́ríkà, wá iṣu igbó ńlá kan lọ sí ìpínlẹ̀ Veracruz. Ó yọ èròjà tí à ń pè ní diosgenin jáde nínú rẹ̀, ó sì sọ ọ́ di progesterone, èyí tí ara obìnrin ń ṣe fúnra rẹ̀ láti pa oyún mọ́. Ní 1944, wọ́n dá ilé-iṣẹ́ Syntex sílẹ̀ níbẹ̀. Ní 1951, Syntex ṣe norethisterone, tí a ń lò títí dòní nínú oògùn ìfètòsọ́mọbíbí.

Àwọn àgbẹ̀ ló ń wa iṣu náà nínú igbó, owó táṣẹ́rẹ́ ló sì ń kàn wọ́n. Ní 1975, ìjọba Mẹ́síkò dá Proquivemex sílẹ̀ kí èrè tó tọ́ lè kàn wọ́n. Ṣùgbọ́n àwọn ilé-iṣẹ́ ti ń rí ohun mìíràn lò, bí ẹ̀wà sóyà. Ọjà iṣu náà sì kú.

Ẹ fi etí sí èyí: kẹ́míkà inú ilé-iṣẹ́ ló ń sọ diosgenin di progesterone. Ara ènìyàn kò lè ṣe iṣẹ́ náà. Ẹni tó jẹ iṣu náà, tàbí tó fi ìpara rẹ̀ para, kò rí progesterone gbà lára rẹ̀, kò sì lè fi dènà oyún.

Nílé níbí, èsúrú jẹ́ ìbátan iṣu yìí. Àwọn kan ń lò ó fún àtọ̀gbẹ. Àyẹ̀wò lára ẹranko fi hàn pé èròjà kan nínú rẹ̀ ń mú ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn kò tíì sọ ọ́ di oògùn. Èsúrú igbó ní májèlé tó lè pani. Ẹ má ṣe dán an wò.

Nítorí náà:
1. Ẹ má ṣe fi oògùn dókítà sílẹ̀ nítorí àgbo.
2. Bí ẹ bá ń mu àgbo, ẹ sọ fún dókítà, kí ṣúgà má baà wálẹ̀ jù.
3. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé oògùn iṣu igbó wá sí ìpàdé láti tà, ẹ bi í pé: irú iṣu wo ni? Nọ́ńbà NAFDAC rẹ̀ dà?

Owó àjẹṣẹ́kù kì í ṣe owó àfiṣòfò, ìlera wa sì ju owó lọ.