Lílù-Gbọ́ àti Dídẹtí-Gbọ́: Ọ̀nà Méjì tí A Fi Ń Ṣọ́ Ìlera Afárá àti Ilé

Ẹni tí ó bá lọ ra ìkòkò lọ́jà kì í fi ojú nìkan rà á. Yóò gbé e lé ọwọ́ kan, yóò fi ìka ọwọ́ kejì lù ú, yóò sì tẹ́tí. Bí ó bá dún gooro bí agogo, ó pé. Bí ohùn rẹ̀ bá kú sínú, ó ti sán níbì kan, bí ojú kò tilẹ̀ rí i. Agégi inú igbó ní tirẹ̀ kì í lu igi tí ó ń gé lọ́wọ́ kí ó tó mọ ìgbà tí yóò wó. Ó ń dẹtí ni. Bí igi náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í ké láti inú, ó mọ̀ pé àkókò tó láti sá sẹ́yìn. Inú ìṣe àwọn méjèèjì yìí ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ wa wà, nítorí ọ̀nà méjì kan náà ni àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń lò láti mọ̀ bóyá afárá, ilé gíga tàbí ọkọ̀ òfuurufú ṣì le. A ó pe ti oníkòkò ní ọ̀nà ìlùgbọ́, a ó sì pe ti agégi ní ọ̀nà ìdẹtígbọ́.

Nínú ọ̀nà ìlùgbọ́, ẹni tí ó ń yẹ nǹkan wò ni ó ń fi ìró ránṣẹ́ sínú rẹ̀. Òòlù lè ṣe iṣẹ́ náà. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè ṣe ń fi òòlù lu ẹsẹ̀ ọkọ̀ ojú irin láyé àtijọ́. Ṣùgbọ́n ìró tí etí ènìyàn kò lè gbọ́ ni ó wúlò jù fún irin. Etí wa kì í gbọ́ ìró tí ó bá gbọ̀n ju ìgbà 20,000 lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Èyí tí a ń rán sínú irin sábà máa ń gbọ̀n láti ìgbà mílíọ̀nù 1 sí mílíọ̀nù 10. Sokolov, ará Rọ́ṣíà, ni ó dá a lábàá ní 1928 pé a lè fi irú ìró bẹ́ẹ̀ wá àbùkù inú irin. Ní nǹkan bí 1940 ni Firestone ní Amẹ́ríkà ṣe ẹ̀rọ tí ó ń rán ìró wọlé tí ó sì ń gba gbohùngbohùn rẹ̀ padà láti ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo. Ìṣirò rẹ̀ kò le. Nínú irin, ìró ń sáré tó mítà 5,900 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí a bá pín ìṣẹ́jú àáyá kan sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan, tí gbohùngbohùn sì padà dé lẹ́yìn ọ̀nà 10 péré nínú rẹ̀, ìró náà ti rin mílímítà 59 ní àlọ àti àbọ̀. Ohun tí ó dá a padà kò ju nǹkan bí mílímítà 30 lọ sí ojú irin. Bí irin náà bá nípọn tó mílímítà 80, a jẹ́ pé kì í ṣe ẹ̀yìn rẹ̀ ni ìró ti padà: irin ti là nínú.

Àǹfààní ńlá tí ó wà nínú èyí ni pé ìgbà tí a bá fẹ́ ni a ń béèrè, a sì lè tún ìbéèrè kan náà béèrè lọ́la. Sísán àtijọ́ kò lè fara pamọ́ fún un. Ṣùgbọ́n ọwọ́ gbọ́dọ̀ tó ibi tí a fẹ́ lù. Ìdáhùn ọjọ́ tí a lù ú nìkan ni a sì ń rí gbà. Ohun tí ó bá ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí a ti kó ẹ̀rọ wa lọ, a kò mọ̀ ọ́n.

Ọ̀nà ìdẹtígbọ́ yàtọ̀. A kì í rán nǹkan kan wọlé. Nígbà tí irin tàbí kọnkéré bá ń sán, agbára tí ó tú jáde ní ojú sísán náà máa ń di ìró, ìró náà sì máa ń rìn yí gbogbo ara rẹ̀ ká. A ó lẹ etí ẹ̀rọ mọ́ ọn lára ní ibi púpọ̀, tọ̀sán-tòru. Bí ìbọn bá dún lọ́jà, tí ẹni tó wà ní ìhà ìlà-oòrùn gbọ́ ọ ṣáájú ẹni tó wà ní ìhà ìwọ̀-oòrùn, a mọ ibi tí ó súnmọ́ jù. Báyìí gan-an ni a ṣe ń fi ìyàtọ̀ àkókò tí ìró dé etí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan wá ibi tí irin ti ń sán.

Níhìn-ín ni ó yẹ kí á dúró díẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣi ọ̀nà yìí lóye. Ní 1950, Joseph Kaiser, ará Jámánì, fi iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ ní ìlú Munich hàn pé bí a bá ti gbé ẹrù kan ka irin rí, tí a sọ ọ́ kalẹ̀, tí a tún gbé e padà, irin náà kò ní ké títí ẹrù tuntun yóò fi ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ohun tí èyí ń sọ fún wa ni pé ọgbẹ́ àná kì í ké lónìí àyàfi bí ó bá tún ń fẹ̀ sí i. Etí tí kò gbọ́ nǹkan kan kò tíì jẹ́rìí pé ara le. Yàtọ̀ sí èyí, ariwo ọkọ̀, òjò àti bóòtù tí ń fi ara rin ara lè bo ohùn tí a ń wá mọ́lẹ̀, ìró tí ó bá sì kọjá lọ kò ṣeé pè padà.

Ẹ jẹ́ kí á wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Point Pleasant, ní West Virginia ní Amẹ́ríkà. Afárá tí wọ́n ń pè ní Silver Bridge, tí wọ́n ṣí ní 1928, wó sínú odò Ohio ní ọjọ́ 15 oṣù Kejìlá ọdún 1967, ènìyàn 46 sì kú. Irin gbọọrọ tí a lu ojú sí lórí ni wọ́n so pọ̀ bí ṣéènì láti fi gbé afárá náà dúró, méjì péré ní ìkangun kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan ṣoṣo sán. Sísán tí ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀ràn náà kò jìn tó mílímítà 4, inú ojú irin tí ìdè gbà kọjá ni ó sì wà, níbi tí ojú kò lè dé láìtú oríkèé náà palẹ̀. Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Ògiri yìí lanu sẹ́yìn ilé. Ìlùgbọ́ kò rọrùn níbẹ̀. Etí ẹ̀rọ kò sì sí lára afárá náà, bẹ́ẹ̀ ni n kò ní búra pé ì bá gbà á là, nítorí sísán tí ìpẹtà ń bọ́ máa ń rọra dàgbà ni. Afárá mìíràn tí wọ́n kọ́ bákan náà ní St. Marys, títì ni wọ́n tì í, wọ́n sì wó o ní 1971. Nígbà tí oríkèé kan kò gba lílù, tí kò sì dájú pé yóò ké, ìpinnu yẹn tọ̀nà lójú tèmi.

Nílẹ̀ tiwa, ní oṣù Kẹjọ ọdún 2018, ìjọba àpapọ̀ ti afárá Third Mainland ní Èkó, èyí tí ó gùn ju kìlómítà 11 lọ, fún ọjọ́ mẹ́ta kí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ lè yẹ̀ ẹ́ wò. Ìnáwó ńlá ni irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀, àti fún ìjọba àti fún ẹni tí ó ń lọ síbi iṣẹ́. Nítorí náà ni àwọn kan ṣe ń sọ pé kí á kúkú lẹ etí ẹ̀rọ mọ́ afárá wa, kí á dẹ́kun lílù. N kò gbà. Ilé tàbí afárá tí a kò lù rí, tí a kò mọ ọgbẹ́ àtijọ́ ara rẹ̀, kò yẹ fún ìdẹtígbọ́ nìkan. Lílù ni yóò sọ fún wa ibi tí ó yẹ kí á lẹ etí mọ́. Kọnkéré tí wọ́n bu omi jù nígbà tí wọ́n ń pò ó kò ní ké kí ó tó di pé ẹrù gùn ún, ṣùgbọ́n bí a bá lù ú, ìró yóò rọra rìn nínú rẹ̀, a ó sì mọ̀.

Ibi tí ìdẹtígbọ́ ti yọrí ni afárá Hammersmith ní Lọ́ńdọ̀nù, tí wọ́n ṣí ní 1887. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2019 ni wọ́n rí sísán nínú irin àyọ́dà tí ó gbé ṣéènì rẹ̀ ró, wọ́n sì ní kí ọkọ̀ má gba ibẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n wọ́n jẹ́ kí ẹlẹ́sẹ̀ àti oníkẹ̀kẹ́ máa kọjá. Wọ́n ti mọ ọgbẹ́ náà. Ohun tí wọn kò mọ̀ ni ìgbà tí yóò gbilẹ̀. Etí ẹ̀rọ ni wọ́n fi sílẹ̀ láti máa ṣọ́ ọ. Nígbà tí ooru mú gidigidi ní oṣù Kẹjọ ọdún 2020, àwọn ẹ̀rọ náà fi hàn pé sísán ti pọ̀ sí i. Wọ́n ti afárá náà pátápátá, wọn kò sì jẹ́ kí ọkọ̀ ojú omi kọjá lábẹ́ rẹ̀. Oṣù Keje ọdún 2021 ni wọ́n tó tún un ṣí fún ẹlẹ́sẹ̀, oníkẹ̀kẹ́ àti ọkọ̀ ojú omi.