Bébà Ògiri Alálẹ̀mọ́: Kí Ó Tó Kan Ara Ògiri

Ó ti ń di àṣà ní Kútọ̀nu àti ní Àjàṣẹ́ pé kí yàrá àlejò ní ògiri kan tí ó yàtọ̀ sí mẹ́ta yòókù. Ògiri tí amóhùnmáwòrán wà lára rẹ̀, tàbí èyí tí ó wà lẹ́yìn àga ńlá, ni wọ́n sábà máa ń yàn. Nígbà kan, ọ̀dà aláwọ̀ mìíràn ni wọ́n fi ń ṣe é. Lónìí, bébà alárà tí a ká bí ẹní, tí àtè ti wà lẹ́yìn rẹ̀ láti ilé iṣẹ́, ni ọ̀pọ̀ ìdílé ń rà. A ó ṣí awọ ẹ̀yìn rẹ̀ kúrò, a ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, ó parí. Ohun tí ẹni tí ó ń tà á ń wí nìyẹn.

Ọ̀ṣọ́ ara ògiri kì í ṣe àjèjì sí ilẹ̀ wa. Ẹni tí ó bá ti dé ààfin àwọn ọba Àgbómẹ̀ ti rí àwòrán ẹranko àti ti ogun tí wọ́n fi amọ̀ mọ sára ògiri. Ní Àjàṣẹ́, àwọn ilé tí àwọn tí ó ti Bràsíìlì padà wá kọ́ ṣì ń fi òdòdó ara ìrẹ́lé wọn hàn, bí òjò tilẹ̀ ti jẹ ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ní abúlé, àwọn obìnrin ni ó máa ń fi amọ̀ àti ìgbẹ́ màlúù pa ògiri títí yóò fi dán. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa: amọ̀ lórí amọ̀, ẹfun lórí ẹfun ni ìwọ̀nyí. Omi tí ó bá wọnú ògiri lè gba ara ọ̀ṣọ́ náà jáde. Bébà tuntun yìí kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń pè é ní bébà, ṣùgbọ́n ike ni èyí tí ó pọ̀ jù lọ nínú rẹ̀, omi kì í sì í gba ara ike kọjá.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀ olómi ni ilẹ̀ etí òkun àti etí ọ̀sà. Bí àwọn tí ó kọ́lé kò bá fi ohun tí ó ń dí omi sí àárín ìpìlẹ̀ àti búlọ́ọ̀kù, omi ilẹ̀ yóò máa fà gòkè nínú ògiri díẹ̀díẹ̀. Ọ̀dà tí ó ń bó nísàlẹ̀ ògiri àti ìyẹ̀fun funfun bí iyọ̀ tí ó ń yọ síta ni a fi ń mọ̀ ọ́n. Àwọn kan tilẹ̀ ń ra bébà yìí láti fi bo irú ògiri bẹ́ẹ̀ kí àlejò tó dé. Owó tí ó ṣòfò nìyẹn. Iyọ̀ yóò ti àtè kúrò, etí bébà yóò ká sókè, òkùnkùn àti ọ̀rinrin ẹ̀yìn rẹ̀ yóò sì di ibùsùn èbu dúdú. Èbu náà kì í dúró lẹ́yìn bébà. Inú afẹ́fẹ́ yàrá ni yóò gbà, ọmọ tí ó ní ikọ́ fée ni yóò sì kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lára. Àwọn àgbà ti wí i: ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Àyẹ̀wò tí kò ná ni lówó wà. Kí a gé ọ̀rá tí ó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 30 ní ìhà kọ̀ọ̀kan, kí a fi téèpù lẹ etí rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́ ògiri fún ọjọ́ méjì. Bí ìrì bá sẹ̀ sí inú rẹ̀, tàbí tí ògiri abẹ́ rẹ̀ ṣú ju ti àyíká lọ, kí a fi owó sápò. Lẹ́yìn náà, kí a fi àtẹ́lẹwọ́ ra ògiri náà. Bí ọwọ́ bá funfun, ìyẹ̀fun ni àtè yóò lẹ̀ mọ́, kì í ṣe ògiri. Ògiri tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sìmẹ́ńtì rẹ́, tàbí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn lọ́dà, nílò nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kó tó gbẹ délẹ̀. Ìgbà ọyẹ́ dára fún iṣẹ́ yìí ju oṣù kẹfà lọ.

Ní Kétu àti ní Ṣábẹ̀, níbi tí ilé alámọ̀ ṣì wà, ìmọ̀ràn kò gùn: kí wọ́n má ṣe lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri amọ̀ rárá, àní bí wọ́n tilẹ̀ fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ lórí. Ògiri amọ̀ ń mí. Ẹni tí ó bá fi ike dí i lẹ́nu ń sọ ọ́ di ẹrẹ̀ láti inú. Amọ̀ pupa tí a pò dáadáa, tí a fi kun ògiri kan ṣoṣo, kò wọ́n, ó sì lẹ́wà ju àwòrán bíríkì èké tí ó kún ọjà lọ.

Ìṣirò ni ó kù fún ẹni tí ògiri rẹ̀ gbẹ. Ká ní ògiri náà fẹ̀ ní mítà 4, ó sì ga ní mítà 2,80, tí ìdì bébà kọ̀ọ̀kan sì fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 45, tí ó gùn ní mítà 10. Abala mẹ́sàn-án ni yóò bo ògiri náà. Bí a bá gé abala kọ̀ọ̀kan ní mítà 2,90, kí àlékún wà fún òkè àti ìsàlẹ̀, abala mẹ́ta ni ìdì kan yóò fúnni. Ìdì mẹ́ta ló tó. Bí àwòrán rẹ̀ bá tóbi tí ó gbọ́dọ̀ bá ara mu láti abala dé abala, kí a fi ẹyọ kan kún un. Ìwọ̀n ìdì kò dọ́gba, nítorí náà kí a ka ohun tí a kọ sí ara rẹ̀, kí a sì rí i pé nọ́ńbà ìtẹ̀jáde kan náà ni ó wà lára gbogbo wọn. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àwọ̀ lè yàtọ̀ díẹ̀, ojú yóò sì rí i.

Ènìyàn méjì ni kí ó ṣe iṣẹ́ náà. Kí wọ́n so òkúta mọ́ okùn láti fa ilà òòró àkọ́kọ́, nítorí igun ilé kì í sábà tọ́. Kí wọ́n ṣí awọ ẹ̀yìn díẹ̀díẹ̀ láti òkè, kí wọ́n máa fi aṣọ rírọ̀ tẹ̀ ẹ́ láti àárín lọ sí etí. Ẹ̀yìn ààrò gáàsì kọ́ ni àyè rẹ̀: ike tí ó bá gbiná ń rú èéfín olóró.

Ayálégbé gbọ́dọ̀ gba àyè lọ́wọ́ onílé kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Òótọ́ ni pé bébà yìí ṣeé ṣí, pàápàá bí a bá fi ẹ̀rọ tí àwọn onídìrí fi ń gbẹ irun mú un gbóná, ṣùgbọ́n ọ̀dà tí kò lágbára yóò bá a lọ, inú owó tí a fi sílẹ̀ lọ́jọ́ tí a gba kọ́kọ́rọ́ ni onílé yóò sì ti yọ ti àtúnkùn. Kí a kọ́kọ́ lẹ ègé kékeré mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn fún ọ̀sẹ̀ kan, kí a ṣí i, kí a wo ohun tí yóò bá a bọ́. Èyí tí ó bá kù nínú ìdì, kí a tọ́jú rẹ̀: ọmọdé kan yóò fi kálámù ya nǹkan sí ara ògiri náà láìpẹ́.