“Santo” nínú èdè Sípéènì: ẹni mímọ́ tàbí òrìṣà?

Santo (ọ̀rọ̀-orúkọ, ti obìnrin: santa, ọ̀pọ̀: santos, santas). Ìtumọ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ ń bá pàdé ni “ẹni mímọ́”, ó sì tọ̀nà nínú ìwé Ìjọ Àgùdà. Níwájú orúkọ ọkùnrin, a máa ń gé e kúrú di San: San Pedro, San Juan. Ó ń wà lódidi níwájú orúkọ tí ó bá fi To- tàbí Do- bẹ̀rẹ̀: Santo Tomás, Santo Domingo.

Ní Sípéènì, ẹni tí ó ní “Hoy es mi santo” kò pe ara rẹ̀ ní mímọ́. Àjọ̀dún ẹni mímọ́ tí ó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ni ó bọ́ sí ọjọ́ náà: 19 oṣù kẹta fún José, 24 oṣù kẹfà fún Juan.

Ní Kúbà ni ó ti yẹ kí olùtumọ̀ fara balẹ̀ jù. Àwọn Yorùbá tí a kó lẹ́rú lọ síbẹ̀ bá ẹ̀sìn Àgùdà níbẹ̀, a sì wá so òrìṣà wọn pọ̀ mọ́ àwọn ẹni mímọ́ ìjọ náà: Ṣàngó mọ́ Santa Bárbara, Ọbalúayé mọ́ San Lázaro. Lẹ́nu àwọn ẹlẹ́sìn yìí, santo ni òrìṣà, bí wọ́n tilẹ̀ ń lo oricha pẹ̀lú. Nítorí náà, “Se hizo santo” kì í ṣe “Ó di ẹni mímọ́”. “Ó dóṣù òrìṣà” ni. Bákan náà, “Tengo tres años de santo” lè ti ẹnu arúgbó jáde: “Ó pé ọdún mẹ́ta tí mo ti dóṣù.” Ẹ̀rọ atúmọ̀-èdè kì í sábà béèrè ibi tí gbólóhùn ti wá, bí olùtumọ̀ náà kò bá béèrè, “ẹni mímọ́” yóò pa òrìṣà rẹ́ kúrò nínú ọ̀rọ̀ àwọn tí ń bọ ọ́.

Adóṣù tuntun, ìbáà ṣe ọkùnrin, ni wọ́n ń pè ní iyawó. Kí a má ṣe kọ “aya” lásán. “Ìyàwó òrìṣà” ni a ń wí nílé pẹ̀lú.

Orúkọ Santa Bárbara fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ó sàn kí a fi í sílẹ̀ bí ó ti wà. Ọ̀pọ̀ ọmọ Kúbà ń pe àwọn méjèèjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì sí ìdí tí olùtumọ̀ yóò fi bá wọn yan ọ̀kan.

Àkànlò: “Se me fue el santo al cielo”, ohun tí mo fẹ́ sọ ti fò mí lọ́kàn. “¿A santo de qué?”, nítorí kí ni ná? (pẹ̀lú ìbínú díẹ̀). “Santo y seña”, ọ̀rọ̀ àṣírí tí ọmọ ogun fi ń dá ara wọn mọ̀. Ti orí kọ̀ǹpútà ni contraseña.